Mo lọ wo odi Potogí ní Wídà, ọmọ mi ní "òkun dà?"

AlárìnkòÈkó

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Àwòrán odi Elmina ní ilẹ̀ Gánà tí ẹnìkan gbé síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló rán mi létí ìrìn tí èmi àti ọmọ mi ọkùnrin rìn ní 2017. Wídà la lọ, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, láti wo odi tí àwọn Potogí fi ṣe òwò ẹrú. Ó tó nǹkan bí 40 kìlómítà sí Kútọnu.

Ọmọ ọdún 11 ni ọmọ yẹn nígbà náà. Kí a tó kúrò nílé ni mo ti fi àwòrán Elmina hàn án: ògiri òkúta gàgàrà, òkun ń fọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Mo ní irú ẹ̀ la ń lọ wò. A dé Wídà, ọlọ́kadà já wa sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà odi Potogí. Ọmọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wò mí lójú. Ó ní, "Dádì, òkun dà?"

Ẹ̀rín pa atọ́nà wa. Kò sí òkun níbẹ̀. Àárín ìgboro ni odi náà wà, ilé àwọn èèyàn yí i ká, ìyá kan ń dín àkàrà ní òdìkejì títì. Ó tó kìlómítà 4 láti ibẹ̀ dé etí òkun. Ògiri rẹ̀ kì í ṣe òkúta bíi ti Elmina, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ ọ́n. Inú ọgbà náà kò tóbi: ilé alájà kan, ilé ìjọsìn kékeré, yàrá àwọn ọmọ ogun, àti àwọn ìbọn àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀. Ìpẹtà ti jẹ ẹnu ọ̀kan nínú àwọn àgbá yẹn bí ìgbà tí eku bá jẹ etí búrẹ́dì. Bí a ṣe tẹ̀ síwájú láti wo inú rẹ̀ ni aláǹgbá kan yọrí, ó mi orí sí wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ìṣe wọn, ó padà wọlé. Ọmọ mi ní ó dà bí ẹni pé òun ni ọmọ ogun kan ṣoṣo tó kù.

Ní 1721 ni wọ́n kọ́ ọ. São João Baptista de Ajudá ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́; Ajudá ni Potogí ń pe Wídà. Mo rí kọ́ níbẹ̀, màá sì sọ ìyókù, àmọ́ ìbéèrè ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kí ló dé tí ẹni tó bá ọkọ̀ ojú omi wá, tó máa bá ọkọ̀ ojú omi lọ, fi kọ́ odi síbi tí kò ti lè rí òkun?

Ajíbọ́ṣẹ̀

Ọmọ yẹn gbọ́n ju bàbá ẹ̀ lọ. Mo jókòó tì yín, ẹ máa bọ̀.

Tíṣà_Ìtàn

Ẹ ṣeun, Alárìnkò. Ìbéèrè tí ọmọ bi yín yẹn, ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ bi í.

Ìdí rẹ̀ kò ju pé onílẹ̀ ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń dé, ọba ìjọba Hueda, tó jókòó sí ìlú Savi, ní ìhà àríwá Wídà, ló ni etíkun yẹn. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn wà níbi tí ojú òun ti tó wọn. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti ní odi tiwọn níbẹ̀ kí Potogí tó kọ́ tiẹ̀, nínú ìlú kan náà, wọn ò jìnnà síra. Òfin ọba sì ni pé bí ìjọba wọn bá ń jà lókè òkun, àwọn tó wà ní Wídà ò gbọdọ̀ jà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń pa ara wọn lójú agbami, àwọn èèyàn wọn ní Wídà sì ń kí ara wọn kú àárọ̀.

Amọ̀ tí ẹ rí yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé èèyàn. Odi òkúta létí òkun lè yin àgbá sí ọba, kó tún máa rí oúnjẹ gbà láti inú ọkọ̀. Odi amọ̀ láàárín ìgboro, ọwọ́ ọba ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Omi tí wọ́n ń mu, alárù tó ń ru ẹrù wọn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé òkun, ọba ló lè sọ pé ó tó. Òkun ibẹ̀ pàápàá kò gba ọkọ̀ ńlá láyè láti sún mọ́ èbúté. Ìgbì ibẹ̀ le púpọ̀. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀ lọ́wẹ̀ láti ìhà Elmina ló ń fi ọkọ̀ àjẹ̀ la ìgbì náà já, wọ́n á gbé ọjà wọlé, wọ́n á gbé èèyàn jáde.

Ní 1727, Agaja, ọba Dàhọ̀mì, ìjọba tó wà ní òkè wọn ní àríwá, ṣẹ́gun Savi, ó gba Wídà. Láti ìgbà náà, ìjòyè Dàhọ̀mì kan tí wọ́n ń pè ní Yovogan ló ń ṣe ọ̀gá àwọn òyìnbó. Yovo ni òyìnbó lédè Fọ̀n, gan sì ni ọ̀gá. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì ta ló ju ta lọ, ẹ wo ọdún 1743: àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kọlu odi Potogí fúnra rẹ̀, ẹtù inú rẹ̀ gbiná, odi wó. Wọ́n tún un kọ́ lẹ́yìn náà. Kí ni Potogí fẹ́ ṣe? Tábà Bahia wọn kò ní ọjà tó dà bíi Wídà.

ÀbíkéẸ̀gbá

Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo kàn fẹ́ bi yín, tábà báwo?

Tíṣà_Ìtàn

Àbíkẹ́, tábà tí wọ́n ń gbìn ní Bahia, ní Brazil. Èyí tó dára jù, wọ́n á kó o lọ sí Potogí. Àgékù tó ṣẹ́kù, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á fi oje ìrèké rẹ́ ẹ, wọ́n á kó o wá sí etíkun wa láti fi ra ẹrú. Àwọn ará ibí fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Nítorí náà, láti Brazil ni àṣẹ kíkọ́ odi yẹn ti wá, kì í ṣe láti Lisbon tààrà. Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n kó gba Wídà kọjá, láàárín gbogbo ọdún tí òwò ẹrú yẹn fi wà.

Ajíbọ́ṣẹ̀

Àgékù tábà. Ọlọ́run ò!

ÀgbàÀjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ibi tí ẹ̀yin ń pè ní Porto-Novo, mo sì ti lé ní ọdún 70. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí odi yẹn kò parí sí ayé Agaja.

Ẹnìkan wà tí wọ́n ń pè ní Francisco Félix de Souza, ọmọ Bahia. Iṣẹ́ nínú odi Potogí ló kọ́kọ́ ṣe. Nígbà tó yá, ó di olówó, ó di oníṣòwò ẹrú ńlá. Wọ́n ní Adandozan, ọba Dàhọ̀mì ìgbà náà, jẹ ẹ́ lówó, ó sì lọ sí Abomey, olú-ìlú Dàhọ̀mì, láti lọ sin gbèsè. Ọba bínú, ó jù ú sẹ́wọ̀n. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ nìyí o, ẹ má bi mí ní ìwé: wọ́n ní ọba ní ìwọ tí o ń fi àwọ̀ funfun yangàn yìí, wọ́n bá rì í bọ inú ìkòkò aró, lójoojúmọ́, kó lè dúdú bíi tiwa. Bí mo bá rántí, ẹ̀rín máa ń pa mí, ó sì máa ń bà mí nínú jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ni òun àti Gakpe, ọmọọba, ti mulẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fi ìbọn àti owó ti Gakpe lẹ́yìn. Ní 1818, wọ́n yọ Adandozan lórí oyè, Gakpe jọba, ó di Ghezo. Adandozan ni wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ débi pé bí wọ́n bá ń ka àwọn ọba Abomey, wọ́n á fò ó. De Souza di Chacha ní Wídà, ó sì kú ní 1849. Ìdílé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹ oyè Chacha títí di òní.

ÀbíkéẸ̀gbá

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ghezo tí ẹ dárúkọ yìí, òun kọ́ ni àwọn Ẹ̀gbá lé padà lẹ́nu odi Abẹ́òkúta ní 1851? Ọmọ ẹ̀, Glele, tún padà wá ní 1864, a tún lé e. Mo kàn ní kí n rán yín létí ni, kò sí ìjà.

Ajíbọ́ṣẹ̀

Ẹ̀gbá ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan kọjá.

Tíṣà_Ìtàn

Àbíkẹ́, òtítọ́ ni. Ghezo yìí náà ló kọ̀ láti san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ mọ́, tí Dàhọ̀mì ti ń san láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Àmọ́ kí a sọ ọ́ délẹ̀, kì í ṣe Dàhọ̀mì nìkan ló tà wá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó, tí ogun Ọ̀wu sì bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ló ń kó Yorùbá. Ọ̀nà Èkó ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà, odi Potogí kankan ò sí níbẹ̀.

ỌmọKétu

Tíṣà, ẹ rọra. Ilé yín kọ́ ni wọ́n jó. Ní 1886 ni Glele pa Kétu run, ó kó àwọn èèyàn wa lọ sí Abomey. Kò sí ọkọ̀ ẹrú létí òkun mọ́ nígbà náà, síbẹ̀ ó kó wọn. Bí ẹ bá ń sọ pé "àwa náà ṣe é," ó dára, àmọ́ ẹ má fi bo ẹni tó ṣe tiẹ̀ mọ́lẹ̀.

Tíṣà_Ìtàn

Mo gbà, ẹ máà bínú.

AlárìnkòÈkó

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n padà sí ìrìn náà, ká má bàa tú ká. Nígbà tí a kúrò ní odi, atọ́nà mú wa lọ sí ilé àwọn erè. Ó dojú kọ ilé ìjọsìn ńlá àwọn Àgùdà, títì ló là wọ́n láàárín. Ó sọ fún wa pé nígbà tí Agaja ń lé Kpassè, ọba Hueda, inú igbó ni ọba sá wọ̀, àwọn erè ló sì jáde láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ogun. Látìgbà náà ni wọn kì í pa erè ní Wídà. Ó ní ọba kò kú, ó di igi ìrókò, igi náà sì wà nínú igbó Kpassè títí di òní. Ọmọ mi fọwọ́ kan igi náà.

Wọ́n gbé erè kan kọ́ mi lọ́rùn. Ẹ má rò pé ó tutù yọ̀ọ́ bí ẹja. Ara rẹ̀ gbẹ ni, ó wúwo bí aṣọ ìnura tó rin fún omi, ó sì ń fún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá ibi tó máa sùn sí. Wọ́n ní wọ́n máa ń jẹ́ kí wọ́n jáde lálẹ́ lọ wá eku jẹ. Bí ọ̀kan bá wọ ilé ẹnìkan, onílé á rọra gbé e padà wá.

Tíṣà_Ìtàn

Ẹ gbọ́ òdìkejì ìtàn erè yẹn o. Snelgrave, ọ̀gákọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, dé etíkun yẹn ní 1727 kété lẹ́yìn ogun náà. Ohun tó kọ sílẹ̀ ni pé àwọn ará Hueda gbé erè sí ibi tí ọmọ ogun Dàhọ̀mì máa ti sọdá odò, wọ́n gbà pé òun ló máa dá wọn dúró, wọn ò ṣọ́ ibẹ̀ dáadáa. Dàhọ̀mì sọdá. Nígbà tí wọ́n wọ ìlú, wọ́n gbá erè mú, wọ́n ní bó bá jẹ́ òòṣà ni ọ́, sọ̀rọ̀ kí o gba ara rẹ. Kò fọhùn. Wọ́n sun ún jẹ.

Ajíbọ́ṣẹ̀

Sun ún jẹ kẹ̀?

ỌmọKétu

Èmi mọ̀ pé Tíṣà máa ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni.

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ kú àárọ̀ láti London. Mo ti ń ka èyí láti ìdájí. Ẹ jọ̀ọ́, Alárìnkò, igi ìgbàgbé ńkọ́? Mo rí fídíò kan tí wọ́n ní wọ́n á mú kí àwọn ẹrú yí igi kan po kí wọ́n tó wọkọ̀.

AlárìnkòÈkó

Ẹ káàárọ̀ o, àǹtí. A débẹ̀. Ojú ọ̀nà tó lọ láti ìlú sí etí òkun ló wà. Igi náà fúnra rẹ̀ kò sí mọ́, ère ló dúró síbẹ̀. Atọ́nà ní ọkùnrin á yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, wọ́n á gbàgbé ilé àti orúkọ wọn. Èmi àti ọmọ mi yí ibẹ̀ po. Mo ka tèmi. Ara mi bù máṣọ, kí n má purọ́.

Tíṣà_Ìtàn

Màá tún ba nǹkan jẹ́ o. Àwọn tó fi gbogbo ayé wọn wo ìwé nípa Wídà, bíi Robin Law, ní kò sí ẹni ayé ìgbà náà tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń yí igi kankan po. Kò sí nínú ìwé àwọn ará odi, kò sí lẹ́nu àwọn tí wọ́n tà. Ìgbà tí wọ́n ń múra àjọ̀dún ńlá tó wáyé ní 1993 ni wọ́n to àwọn ère sójú ọ̀nà yẹn, tí ìtàn náà sì gbilẹ̀. 1995 ni wọ́n ṣí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ibi ìrántí tó wà létí òkun.

ỌmọKétu

Ẹ̀yin onímọ̀ ìwé! Ohun tí òyìnbó ò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀ nìyẹn? Ta ló fẹ́ kọ ọ́? Ọ̀gákọ̀ tó ń ka orí èèyàn bí ẹni ka iṣu?

ÀgbàÀjàṣẹ́

Ọmọ mi, rọra. Èmi gbọ́ ìtàn igi yẹn nígbà tí irun mi ti ń funfun. Bàbá mi tó bí mi, Wídà ló dàgbà sí, kò sọ ọ́ fún mi rí. Ó sọ ti aró, ó sọ ti ejò, kò sọ ti igi. Mi ò ní irọ́ ni o.

Tíṣà_Ìtàn

Ọmọ Kétu, ọ̀rọ̀ yín mọ́gbọ́n wá, ìdí nìyẹn tí màá fi pe ẹni tí wọ́n tà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Oluale Kossola ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, Amẹ́ríkà pè é ní Cudjo Lewis. Tiwa ni, láti agbègbè Bantè, ní àárín Benin, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Ní 1860, Dàhọ̀mì kọlu ìlú wọn ní ìdájí, wọ́n kó o lọ sí Wídà. Ọmọ ọdún 19 ni. Nǹkan bí èèyàn 110 ni ọkọ̀ Clotilda kó dé Alabama, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ tipẹ́. Ó pẹ́ láyé, ó kú ní 1935, àwọn èèyàn sì gbọ́ ìtàn rẹ̀ láti ẹnu rẹ̀.

Ó sọ ti ọgbà tí wọ́n tì wọ́n mọ́ ní Wídà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sọ bí òyìnbó ṣe wá, tó ń yẹ eyín wọn wò, tó ń ṣà wọ́n ní ọkùnrin kan, obìnrin kan. Ó sọ bí wọ́n ṣe bọ́ aṣọ lára wọn, ìtìjú yẹn kò tán lára rẹ̀ títí ó fi darúgbó. Kò sọ ti igi. Ó tún sọ pé ilé funfun ńlá kan wà láàárín àwọn àti òkun, ilé yẹn ni kò jẹ́ kí àwọn rí òkun dáadáa.

AlárìnkòÈkó

Tíṣà. Òkun dà?

ỌmọKétu

Hmm. Kò gbàgbé ilé náà. Ẹni tó gbàgbé kò lè sọ gbogbo ìyẹn.

ÌyáÌbejì_Peckham

Mo ní láti gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀. Bàbá, ẹ ní odi náà kò parí sí ayé Agaja. Ta ló wá gbà á lọ́wọ́ Potogí?

ÀgbàÀjàṣẹ́

Ìyá Ìbejì, èyí tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Faransé gba gbogbo Dàhọ̀mì, tí à ń pè ní Benin lónìí, ó wó odi tiẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1908, àmọ́ Potogí ní òun ò ní kúrò nínú tòun. Ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bí hẹ́kítà kan lọ! Pápá bọ́ọ̀lù kan àti díẹ̀. Ní 1921 tí wọ́n ka orí, èèyàn 5 ló wà nínú "ilẹ̀ Potogí" yẹn. A gba òmìnira ní 1 Oṣù Kẹjọ 1960, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, àsíá wọn ń fẹ́. Ìjọba wa wá fún wọn ní gbèdéke, 31 Oṣù Keje 1961. Èèyàn 2 péré ló kù níbẹ̀. Àṣẹ Salazar, olórí ìjọba Potogí, láti Lisbon ni pé kí wọ́n má fi lé wa lọ́wọ́ bó ṣe wà, ni wọ́n bá dáná sun ún kí wọ́n tó lọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rántí pé bàbá mi tẹ́tí sí rédíò, ó kígbe lédè Fọ̀n, màmá mi ní kó má kígbe, ọmọ ń sùn.

Potogí kò gbà pé odi náà ti di tiwa àfi ní 1975. Ní 1967 la ti sọ ọ́ di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ajíbọ́ṣẹ̀

Èèyàn méjì! Ta ni gómìnà, ta ni ará ìlú?

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo fẹ́ kó àwọn ìbejì mi lọ tí a bá wálé ní ìsinmi. Ọmọ ọdún 9 ni wọ́n. Ṣé inú odi náà ṣì ṣeé wọ̀?

AlárìnkòÈkó

Àǹtí, ẹ béèrè kí ẹ tó gbéra. Lẹ́yìn tí mo lọ, wọ́n ti í láti tún un ṣe, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ilé àkójọ tuntun nípa òwò ẹrú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ létí òkun náà. Ẹ dúnàá dúrà pẹ̀lú ọlọ́kadà kí ẹ tó gun ọ̀kadà, èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn mí lápò. Ẹ mú omi dání, ọ̀nà tó lọ sí òkun kò ní ibòji púpọ̀. Ti erè kì í ṣe dandan, ẹ lè dúró síta.

ÀgbàÀjàṣẹ́

Tí ẹ bá ń kọjá Àjàṣẹ́ ní oṣù kìíní, ẹ yà wò wá. Àwọn ìdílé Àgùdà, ọmọ àwọn tó padà wá láti Brazil, máa ń ṣe àjọ̀dún Bonfim, eégún burinyan á jáde, wọ́n á se ẹ̀wà bíi fùrèjọ́ǹ yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn kan nínú wọn, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àwọn ẹrú ní Bahia ní 1835 ni àwọn bàbáńlá wọn padà wálé.

ÌyáÌbejì_Peckham

Ẹ ṣeun, bàbá. Kẹ́hìndé ti ń ka gbogbo èyí láti ẹ̀yìn mi. Ó ní kí n bi yín: ṣé aláǹgbá inú àgbá yẹn ṣì wà níbẹ̀?